Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ torí póòkà?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń ta póòkà, eré káàdì olówó, ní kasínò (ilé tẹ́tẹ́), ní tábìlì £1/£2 (ẹni méjì á kọ́kọ́ fi £1 àti £2 sílẹ̀ kí á tó pín káàdì). Èrè mi jẹ́ £6,200, ìjọba ibí kì í sì í gba owó orí lórí rẹ̀. Àmọ́ mo pín in sí wákàtí 700 tí mo fi jókòó: kò tó £9 ní wákàtí kan! Kasínò náà ń yọ tiẹ̀ nínú owó tí à ń dá sí àárín tábìlì. Lóṣù tó kọjá, £1,900 wọmi, bẹ́ẹ̀ n kò ṣi káàdì ta. Ìyàwó mi ní tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́ (kò tíì mọ̀ nípa £1,900 yẹn o). Ẹ̀yin tí ẹ ń fi póòkà jẹun, owó ilé oṣù mélòó lẹ kó pamọ́ kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀?