Bí text editor ṣe lè bá LilyPond ṣiṣẹ́ dáadáa fún orin Yorùbá

Olórí akọrin, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi. LilyPond, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń kọ ìwé orin fún ẹgbẹ́ wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń tẹ̀, òun ni yóò sì to nóòtù sórí ìlà fún mi. Lánàá, mo ní kí text editor mi, ìyẹn ètò tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ náà, bá mi wá "ẹ̀mí" nínú fáìlì kan, ó ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ń fojú ara mi rí i lórí ìlà kejì. Bí mo bá sì rí àṣìṣe nínú PDF, ó di kí n máa wá ibi tó ti wá láàárín ìlà 300. Kí ni kí n ṣe?

Atẹdùùrù, Oǹdó
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó jọ pé kíbọ́ọ̀dù méjì ni ẹ ti lò. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún "ẹ̀": kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ "ẹ", á wá gbé àmì ohùn lé e lórí, òmíràn á tẹ "è", á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ text editor kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú kíbọ́ọ̀dù kan, kí ẹ má yà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà, torí òun ni LilyPond ń kà.

Ní ti àṣìṣe, ẹ lo Frescobaldi, text editor tí wọ́n dìídì ṣe fún LilyPond, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ tẹ nóòtù nínú PDF tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ gan-an.

Olóhùn básì, Àkúrẹ́
Òótọ́ ni, àmọ́ kí ẹ tó fi PDF ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi -dno-point-and-click, àṣẹ tó ń yọ ìsopọ̀ inú PDF kúrò, tún un ṣe ní LilyPond, nítorí pé ibi tí fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà yín wà nínú àwọn ìsopọ̀ tó ń gbé yín láti nóòtù dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́.

Fún àwa tí a fi dò-rè-mí kọ́ orin, Frescobaldi lè yí c d e padà sí do re mi nínú odindi fáìlì, lábẹ́ \language "italiano". "Si" ni yóò pe "te" wa. Do ibẹ̀ kì í ṣí nípò, nítorí náà ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní do, kí ẹ wá fi \transpose do fa, àṣẹ tó ń gbé orin láti do lọ sí fa, síwájú rẹ̀ bí orin bá wà ní F.

Olórí akọrin, Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tún "ẹ̀mí" tẹ̀ ní ibi mẹ́rin, ó sì ti ń rí gbogbo wọn báyìí. Ohùn tẹ́nọ̀ ni n óò fi dán \transpose wò lálẹ́ yìí.