Mutant mi (ewéko tí jíìnì rẹ̀ kan bàjẹ́) kò yàtọ̀ sí ojúlówó: ṣé jíìnì náà kò níṣẹ́ ni?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Arabidopsis, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣèwádìí, ni mò ń gbìn nínú yàrá tí iná ń tàn fún wákàtí 16 lójúmọ́, láì lé láì dín. T-DNA, ègé DNA tí wọ́n fi bọ inú ewéko, ti já jíìnì kan láàárín, PCR, àyẹ̀wò DNA, sì fi hàn pé ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì ló bàjẹ́. Síbẹ̀, ewé, òdòdó, gíga, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ti Col-0, ojúlówó tí jíìnì rẹ̀ kò bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n pa á tì. Ọkàn mi kò gbà.

Ìyá Ewéko:
Àbúrò, má pa á tì o! Ibi tí o gbìn ín sí ló tù ú lára jù. Ewéko tó ń rí omi, tó ń rí oúnjẹ, tí oòrùn kì í pa, kí ló fẹ́ fi jíìnì ọjọ́ ìṣòro ṣe?

Wo mutant Arabidopsis kan tó ń jẹ́ npq4. Kò ní PsbS, purotéènì tí ewé fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù di ooru, tó ń dà á nù. Lábẹ́ iná tó dúró sójú kan, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú pápá, níbi tí ìkùukùu ti ń bo oòrùn tó tún ń ṣí lójijì, irúgbìn tó so dín. Külheim, Ågren àti Jansson ló ṣe ìwádìí náà ní Sweden, 2002. Nínú yàrá pàápàá, bí iná bá ti ń lọ sókè sódò, ó ń dín.

Jẹ́ kí iná rẹ máa yí padà. Má sì fi ojú lásán wò ó. Kámẹ́rà tí ń ka ìmọ́lẹ̀ tí chlorophyll (ohun tó ń mú ewé ní àwọ̀ tútù) ń tan padà ni kó o lò.

Baba Gbòǹgbò:
Òótọ́ ni ìyá sọ. Fi iyọ̀ pẹ̀lú dán an wò, bẹ̀rẹ̀ láti 50 mM (mM ni ìwọ̀n bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó). Bí gbòǹgbò bá ti yọ, kó àwọn èéhù náà sórí agar (ohun tó dì bíi jẹ́lì tí a fi ń gbin èéhù) oníyọ̀, dorí àwo kodò, kí o gbé e dúró lóòró. Gbòǹgbò tó le á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, á máa lọ sísàlẹ̀. Ti sos1, mutant tí kò lè fara da iyọ̀, ò ní lè lọ mọ́. Bí àwọn onímọ̀ ṣe rí sos1 nìyẹn ní 1996. Àìtó pọtásíọ̀mù náà ń dà á láàmú, wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ jíìnì tó bàjẹ́ náà ni gbígba pọtásíọ̀mù. Ní 2000 tí ọwọ́ wọn tó tẹ jíìnì náà gan-an, sódíọ̀mù ló ń tì jáde nínú sẹ́ẹ̀lì! Torí náà, má fi ìdánwò kan ṣoṣo dájọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, sà. A ò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà. Ṣé kí Col-0 wà nínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀?

Baba Gbòǹgbò:
Rárá o, àwo kan náà. Èyí lápá ọ̀tún, èyí lápá òsì.