Ṣé gílóòbù oní-wáàtì 9 lè tan ìmọ́lẹ̀ tó ti wáàtì 60?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Kubwa
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Gílóòbù mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí a ń gbé, gbogbo wọn ló jẹ́ ti àtijọ́ oní-wáàtì 60 tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Láti ìgbà tí owó iná Band A ti gòkè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnítì tí a ń rà kì í pẹ́ mọ́. Bàbá àwọn ọmọ ní kí a pààrọ̀ gbogbo wọn sí LED, ṣùgbọ́n wáàtì 9 ni wọ́n kọ sára àwọn tí mo rí ní ọjà Wuse. Àwọn ọmọ ń kàwé lálẹ́, n kò sì fẹ́ kí ojú wọn máa ro wọ́n.

Oníṣẹ́ Iná, Nyanya
Ẹ kú ilé, mà. Iná tí gílóòbù ń jẹ ni wáàtì ń sọ, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn. Lumen, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ni kí ẹ wò lára páálí rẹ̀. Gílóòbù yín ń tan nǹkan bíi lumen 800, LED oní-wáàtì 9 tó dára náà sì ń tan bẹ́ẹ̀, nítorí pé ooru ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tí ti àtijọ́ ń jẹ ń dà, ẹni tó bá sì ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ nínú ooru oṣù kẹta ní Abuja mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́jọ bá ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lálaalẹ́, wọn yóò jẹ yúnítì 86 ní ọgbọ̀n ọjọ́. LED mẹ́jọ yóò jẹ 13. Tí a bá fi náírà 225 tí wọ́n kéde lóṣù náà ṣírò rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní náírà 16,000 lóṣù kan.

Bàbá Táíwò, Lugbe
Òótọ́ ni oníṣẹ́ iná sọ, àmọ́ ẹ má ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú kò lo oṣù méjì. Abọ́ gíláàsì tó dé pa ni mo fi wọ́n sí, ooru kò sì rí ibi gbà jáde lára ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí wọn. Yàtọ̀ sí èyí, iná àdúgbò wa máa ń lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ó tó fò sókè lójijì. Èyí tí wọ́n kọ fóltéèjì 85 sí 265 sí lára ni mo ń lò báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Kaduna
Bí ẹ bá ní gílóòbù CFL, èyí tó lọ́ bí ìgbín, nílé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọ́ ọ, nítorí pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ jáde ná.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ra mẹ́ta lónìí, fún pálọ̀, yàrá àwọn ọmọ àti ẹnu ọ̀nà tó máa ń tàn mọ́jú, torí pé àwọn yìí ló ń pẹ́ lórí iná jù. Mo ti yọ abọ́ gíláàsì kúrò. Àbẹ̀kẹ́ ti gbé ìwé rẹ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ní ó mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ.