Vákúùmù wo ló yẹ fún inú ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Eruku pupa ti wọ inú kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi. Ṣé vákúùmù tí ń lo iná ọkọ̀ ni kí n rà, àbí oníbátìrì?

Ìdáhùn: Fólítì 12 ni iná ọkọ̀, bí fíúsì rẹ̀ bá jẹ́ ámpíà 10, kò lè gbé ju wáàtì 120 lọ, èyí tí kò tó láti fa yanrìn tó ti rì sínú kápẹ́ẹ̀tì.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Oníbátìrì ni mo fọwọ́ sí, pàápàá èyí tó ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ fún àárín ìjókòó, tí asẹ́ rẹ̀ sì ṣeé fọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí asẹ́ náà gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.