Mo kọ ímeèlì sí àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ wa lówó, gbogbo wọn sì rí ara wọn níbẹ̀

Akọ̀wé_Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò rí oorun sùn láti àná. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí, wọn ò sanwó fún mi, mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Alága wá ní kí n kọ̀wé sí àwọn tí ẹ̀yáwó wọn ti kọjá àsìkò, èèyàn 23 ni wọ́n. Mo kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò kọ iye tẹ́nikẹ́ni jẹ, mo wá kó àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn sí ojú To, mo tẹ send.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ti fèsì, Reply all (èsì sí gbogbo èèyàn) ló sì tẹ̀, ó ní òun ti san ti òun lóṣù tó kọjá kí wọ́n lọ yẹ ìwé wọn wò dáadáa, òmíràn tún fèsì pé ta ló ní kí wọ́n máa fi orúkọ òun hàn káàkiri, òmíràn tún dá ìyẹn lóhùn, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé gbogbo wọn ti ń wo ara wọn.

Màmá kan wà nínú wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ wọn, orúkọ ọkọ wọn àti ọdún tí wọ́n bí wọn ló para pọ̀ di àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì wọn. Wọ́n pè mí láago mẹ́sàn-án alẹ́, wọn ò pariwo rárá, wọ́n kàn ní "Akọ̀wé, ìyàwó ọmọ mi wà níbẹ̀." Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ òmíràn láti fi bẹ̀ wọ́n ni? Báwo lẹ ṣe ń kọ ímeèlì sí èrò tí wọn ò fi ní rí ara wọn?

Bọ̀dá_Kọ̀ǹpútà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èyí tó ti lọ ti lọ, kò ṣeé fà padà mọ́. Àmọ́ ẹ wò ó fún ọjọ́ mìíràn: ẹni tẹ́ ẹ bá fi sí To tàbí Cc, gbogbo ẹni tó gba ímeèlì yẹn ló máa rí i. Ẹni tó bá wà ní Bcc, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ nìkan lẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ara mi ni mo máa ń fi sí To, màá wá kó gbogbo àwọn yòókù sí Bcc. Nínú Gmail lórí fóònù, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ To, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Cc àti Bcc á yọ. Bí ẹnì kan nínú àwọn tó wà ní Bcc bá tẹ Reply all, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló máa dé, torí ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní To.

Ẹ tún lọ sínú Settings lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Undo Send sí, òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè dá ímeèlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ dúró, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni wọ́n fi í sí tẹ́lẹ̀, ẹ sún un sí 30. Ó ti yọ èmi lọ́wọ́ wàhálà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè, mi ò ní lo Bcc pàápàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, èèyàn 23 ò pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ kó wọn sí Cc, ibi tẹ́ ẹ wà lónìí náà lẹ ó tún padà sí.

ỌmọÌjẹ̀bú_London

Òótọ́ lẹ sọ bọ̀dá. Níbí, àṣìṣe yìí kan náà ti kó bá àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kan. Ní September 2021, iléeṣẹ́ ètò ààbò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ímeèlì sí àwọn ará Afghanistan 245 tó fẹ́ sá kúrò lọ́wọ́ Taliban, To ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Fọ́tò àwọn 55 tiẹ̀ hàn lára àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Ẹni méjì fèsì sí gbogbo èrò, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ibi tó wà! Ẹ̀mí èèyàn nìyẹn o. ICO, àjọ tó ń mójú tó ààbò dátà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bu owó ìtanràn £350,000 lé wọn lórí ní December 2023.

Ẹgbẹ́ HIV Scotland náà, èèyàn 105 ni wọ́n kọ̀wé sí, orúkọ èèyàn 65 hàn nínú àdírẹ́ẹ̀sì wọn, £10,000 ni wọ́n ní kí wọ́n san. Kò sí àṣírí kankan nínú lẹ́tà yẹn fúnra rẹ̀. Wíwà tórúkọ èèyàn wà níbẹ̀ ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, bíi ti ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ní ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà náà ti ní òfin ààbò dátà láti 2023 o. Tí ohun tó jáde bá lè pa èèyàn lára, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin yẹn, létí láàárín wákàtí 72. Ẹ sọ fún alága kíá.

Ìyá_Ìbejì

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ ímeèlì kankan sí gbogbo wọn papọ̀ mọ́, kódà láti bẹ̀bẹ̀, ńṣe lẹ máa tún jí ọ̀rọ̀ yẹn dìde. Torí kí àṣírí wọn lè bò ni wọ́n ṣe wá yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ohun tó dùn wọ́n nìyẹn. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ má ti ẹ̀bi sí ọrùn kọ̀ǹpútà. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n pa ímeèlì yẹn rẹ́.

Kẹ́ ẹ má sì lọ dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún wọn o, nọ́ńbà gbogbo wọn á tún hàn síra.

Akọ̀wé_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ fún alága, mo sì ti pe èèyàn 19, méjì ò gbé e, méjì ní kí n fún àwọn láyè ná. Màmá yẹn ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá ní kí n wá sílé wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí n mú ìwé owó tàwọn nìkan dání.