Ẹ má pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní "onímọ̀ ìtànṣán"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ fún àbúrò wa lórí ìtumọ̀ tó ń ṣe lọ́wọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àkọsílẹ̀ ló ń túmọ̀ nípa àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sọ́fítíwíà, irú èyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń ṣètò bí wọn yóò ṣe fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀gá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ dókítà. Ọ̀kan kọ́ físíìsì, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ ẹnì kẹta tẹ́lẹ̀ ni kó ṣírò iye ìtànṣán tó yẹ kó wọ ara aláìsàn àti ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọ̀ ọ́. Ẹnì kẹrin ló máa ń tẹ́ aláìsàn sórí ibùsùn ẹ̀rọ, tó ń tún un tẹ́ títí ó fi bọ́ sójú ibi tó yẹ, tó sì ń tan ẹ̀rọ. Àbúrò wa pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní "onímọ̀ ìtànṣán". Púpọ̀ nínú yín ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé òǹkàwé Yorùbá ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mí lọ́kàn débi pé n kò lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àkọlé. "Orírun Àwọn Aṣáájú" ni ó kọ. Orírun kọ́ ni ibi tí ènìyàn ti kọ́ṣẹ́. Bí o bá béèrè orírun ẹnì kan, ìran rẹ̀ lo béèrè, àkọsílẹ̀ yìí ò sì sọ ìran ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó di ọ̀gá ló ń sọ. Mo dábàá "iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá". Àtẹ̀yìnwá ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú àkọlé yẹn, "background", ni wọ́n tún ń lò fún ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run wá bá gbogbo ènìyàn láìdáwọ́ dúró. "Ìtànṣán àbáláyé" ni mo máa ń pe ìyẹn, kò sì sí ibi tí òun àti àtẹ̀yìnwá ti lè dàrú mọ́ra lédè tiwa. "Aṣáájú" náà, ìjọ àti ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń mú wá sọ́kàn. "Àwọn ọ̀gá àgbà" ti tó.

Lórí sọ́fítíwíà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ "iṣẹ́ àìrídìmú". Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtànṣán fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a fi "ìtànká" rọ́pò rẹ̀, pé ìtànṣán ti jẹ mọ́ òòrùn jù. Mo lóye ohun tó ń sọ. Ìtànṣán òòrùn ni gbogbo wa kọ́kọ́ mọ̀, èyí tí à ń wí yìí sì rèé, ojú ò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìtànká wọ yàrá dókítà, kí ẹ wò ó. Nínú yàrá yẹn, ìtànká ni ohun tí jẹjẹrẹ ń ṣe nígbà tó bá kúrò ní ọmú tó lọ sí eegun. Bí mo bá wá kọ "ìtọ́jú ìtànká", ṣé òun ni a fi ń tọ́jú ni, àbí òun gan-an ni à ń tọ́jú? Aláìsàn tó bá ka gbólóhùn yẹn lè sunkún sùn. Ní ti pé ojú ò rí i, Röntgen, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 ò rí i pẹ̀lú. Ohun tó rí ni páálí kan tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn, tó ń tàn nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ó fi lẹ́tà X pè é nítorí kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Títàn yẹn ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìtànṣán ni mo fara mọ́.

Ó wá kan àwọn mẹ́rin wa.

Ẹ̀gbọ́n wa kan náà dábàá "awọ̀ntànṣán" fún ẹnì kẹta, inú mi sì dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ó bá òfin èdè mu rẹ́gí: wọ̀n àti ìtànṣán, bí kọ àti ìwé ṣe di akọ̀wé, bí wò àti ìràwọ̀ ṣe di awòràwọ̀. Etí ò lè kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà ni kò bá mu. Ẹnì kẹta kì í wọn ìtànṣán. Iwájú kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí, pẹ̀lú àwòrán inú ara aláìsàn. Ó ń to ọ̀nà tí ìtànṣán yóò gbà, ó ń wò ó bóyá ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí kíndìnrín yóò gbà ju èyí tó lè fara dà lọ, bó bá sì rí i pé yóò gbà jù, á tú u ká, á tún un tò. Onímọ̀ físíìsì lẹni tó ń wọn ìtànṣán ní tòótọ́. Yóò gbé táǹkì omi sábẹ́ ẹ̀rọ, yóò ki ohun èlò kékeré kan bọ inú omi náà, yóò tan ẹ̀rọ, yóò sì ka iye tó wọlé. Omi ni wọ́n ń lò nítorí bí ìtànṣán ṣe ń ṣe nínú omi ló sún mọ́ bó ṣe ń ṣe nínú ẹran ara. Nítorí náà, bí a bá fún ẹnì kẹta ní awọ̀ntànṣán, iṣẹ́ ẹnì kejì la gbé fún un. "Aṣírò-ìwọ̀n" ni mo fẹ́ fún ẹnì kẹta.

Ẹnì kejì, "onímọ̀ físíìsì ìṣègùn". Ẹni àkọ́kọ́, "dókítà jẹjẹrẹ onítànṣán": a ti ń sọ dókítà eyín àti dókítà ojú tipẹ́, "onítànṣán" sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi oògùn tàbí abẹ wo àrùn náà. N kò ní pẹ́ lórí àwọn méjì yìí.

Orí ẹnì kẹrin ni ìjà mi wà. Ẹnì kan nínú yín ní kí a pè é ní "atẹbọ́tìnnì". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Therac-25 fún aláìsàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn sì ti ipa rẹ̀ kú. Lára ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, irin àti wáyà wà tó lè dá ìtànṣán dúró bí nǹkan bá wọ́. Nínú Therac-25, wọ́n yọ àwọn ìdádúró yẹn, wọ́n fi iṣẹ́ ìṣọ́ lé sọ́fítíwíà lọ́wọ́. Ní ìlú Tyler ní Texas, ní oṣù kẹta ọdún 1986, obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà tẹ lẹ́tà x, tó dúró fún ìtànṣán X, níbi tó yẹ kó tẹ lẹ́tà e, tó dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó rí àṣìṣe náà, ó yára padà lọ tún un ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Sọ́fítíwíà náà ò lè bá ọwọ́ rẹ̀ rìn. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé àṣìṣe 54 ṣẹlẹ̀. Ìwé ìlànà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sọ ohun tí 54 jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó wá hàn pé ó túmọ̀ sí pé ìtànṣán tó jáde pọ̀ jù, tàbí pé ó kéré jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ tún un kà: pọ̀ jù tàbí kéré jù, àmì kan ṣoṣo fún méjèèjì. Obìnrin náà ní kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá dúró lójijì, ìtànṣán náà sì tún jáde lẹ́ẹ̀kejì sára ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn.

Ta ló wá rí ìdí rẹ̀? Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn ní oṣù kẹrin, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti obìnrin yìí jókòó ti ẹ̀rọ. Obìnrin náà ń rántí bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n tún ń tún un ṣe, títí 54 fi jáde lójú wọn. Bí ọwọ́ ṣe yá tó ni kókó rẹ̀. Ẹ wá kọ ìtàn yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa mú wá: onímọ̀ ìtànṣán àti onímọ̀ ìtànṣán jókòó ti ẹ̀rọ. Kí ni òǹkàwé rí dì mú níbẹ̀? Ọ̀kan mọ ohun tó yẹ ní bíbéèrè, ìka ọwọ́ èkejì ló mọ ìdáhùn. Bí a bá sì pe èkejì ní atẹbọ́tìnnì, a ti gba ìrántí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, a fi bọ́tìnnì nìkan sílẹ̀ fún un. "Olùtọ́jú onítànṣán" ni mo dábàá. A ti fi olù- fún olùkọ́ àti olùṣọ́. Ó yẹ ẹ́.

Bí ẹnì kan bá ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, ní Panama láàárín 2000 sí 2001, aláìsàn 28 gba ìtànṣán àpọ̀jù nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ fún sọ́fítíwíà ètò ìtọ́jú nípa àwọn ohun tí wọ́n fi ń bo apá ara tí ìtànṣán ò gbọ́dọ̀ kàn. Sọ́fítíwíà náà gbà á, kò kìlọ̀, ó sì ṣírò àkókò tó gùn jù. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ní irú ibẹ̀ yẹn, orúkọ iṣẹ́ ẹni ni wọ́n ń fi pe ẹni jáde.

Àwọn tó ń dá irú ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ náà kì í ti ẹnu iṣẹ́ kan náà wá. Lars Leksell, ará Sweden, tó dá Elekta sílẹ̀ ní 1972, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni. Ohun tó ń wá ni bí yóò ṣe dé inú ọpọlọ láìla agbárí. Johan Löf tó dá RaySearch sílẹ̀ ní Stockholm ní 2000, físíìsì ló kọ́ ní tirẹ̀, inú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní Karolinska, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan níbẹ̀, ni sọ́fítíwíà náà ti jáde. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá àwọn ọ̀gá fẹ́ mọ irú ìyàtọ̀ yìí gan-an: ta ló ti dúró ti aláìsàn rí, ta ló ti ṣírò, ta ló ti wọ̀n.

Leksell náà sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa díẹ̀, nítorí òun ló fún ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ lórúkọ ní 1951, "radiosurgery", orúkọ tó so ìtànṣán mọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹnì kan ní kí a má lo "iṣẹ́ abẹ onítànṣán", pé abẹ kankan ò kan ara níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tiwa gbé abẹ dání kedere. Ṣùgbọ́n Gamma Knife ni ẹ̀rọ tí Leksell ṣe ń jẹ́, ó fi ọ̀bẹ sínú orúkọ náà tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí abẹ wà níbẹ̀.

Ó ku "ìwọ̀n". Àbúrò mi, o kọ "ìwọ̀n ìtànṣán" fún 2 gray lókè, o tún kọ ọ́ fún 60 gray nísàlẹ̀. Gray kan ni agbára joule kan nínú kílógíráàmù ẹran ara kan. 2 yẹn ni ti ọjọ́ kan. 60 ni àpapọ̀ ohun tí aláìsàn yóò gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba 60 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jàǹbá ńlá ni. Kọ "ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan" sí èyí, kí o kọ "àpapọ̀ ìwọ̀n" sí ìyẹn, má sì jẹ́ kí ìwọ̀n lásán dá dúró níbì kankan nínú iṣẹ́ náà.

Tún àwọn ìlà mẹ́rin yẹn kọ, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa kí a jọ wò wọ́n. N kò rò pé aṣírò-ìwọ̀n ni òpin ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá, kó sì kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ẹni náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ títí ó fi paná kọ̀ǹpútà.