Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82, ìṣẹ́gun 22: ìrírí wa ní sáà tí Iginla lò kẹ́yìn ní Denver

Awakọ̀ Aurora

Takisí ni mo ń wà ní Denver lọ́dún 2014. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo gbé òyìnbó kan níwájú gbọ̀ngàn eré tí wọ́n ń pè ní Pepsi Center nígbà náà, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Ball Arena báyìí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti wọnú ọkọ̀ ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀: IGINLA, nọ́ńbà 12. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní, "Ọ̀gá, orúkọ ta ló wà lẹ́yìn yín yìí?" Ó ní eléré họ́kì orí yìnyín kan ni, tó ń gbá fún Colorado Avalanche, ikọ̀ Denver, pé Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Mo sọ fún un pé èdè mi ni, pé igi ńlá ló túmọ̀ sí. Ó dákẹ́ títí a fi já sí òpópónà Colfax, ó wá ní kí n tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é kó tó sọ̀ kalẹ̀, òun náà sì ń pè é tẹ̀ lé mi.

Bí mo ṣe délé ni mo wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jarome Iginla. Adékúnlé wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Edmonton ní Kánádà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1977, Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ní 2002, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi pé gbogbo ọdún tí mo ti lò lókè òkun, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí.

Láti ọjọ́ yẹn lèmi àti ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ti jọ ń kọ́ họ́kì níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ènìyàn mẹ́fà ló ń wà lórí yìnyín fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, asọ́lé wà lára wọn. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbá a, róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní puck ni wọ́n sì ń fi ọ̀pá lé kiri. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kì í pẹ́ lórí yìnyín. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan wọ́n á ti fò jáde, àwọn mìíràn á fò wọlé, eré ò ní dúró. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2016, Iginla gbá góòlù ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ó lé ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wọlé, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ ní nọ́ńbà: 600. Los Angeles Kings ni wọ́n ń bá gbá lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná nítorí ariwo wa.

Sáà tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ gan-an, 2016 sí 2017. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tó kù bí oṣù méjì kí eré bẹ̀rẹ̀, Patrick Roy tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fipò sílẹ̀. Ó ní èrò òun àti tàwọn aláṣẹ ikọ̀ kò bára mu mọ́. Wọ́n mú Jared Bednar, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì kejì pẹ̀lú Lake Erie Monsters, ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ tí ikọ̀ wa wà. Òjò ti ṣú kí wọ́n tó yọ òpó ilé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn, mi ò ní parọ́. 6 sí 5 ni wọ́n fi na Dallas Stars. Joe Colborne tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbá góòlù mẹ́ta wọlé, ọmọ mi sì sáré yí pálọ̀ po. Ta ló mọ̀ pé ẹyọ kan péré ló kù tí Colborne yóò gbá wọlé títí sáà yóò fi parí?

Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, ó ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ 10, Montreal Canadiens fi 10 sí 1 nà wọ́n, Max Pacioretty nìkan gbá mẹ́rin wọlé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, rédíò ni mo fi ń gbọ́ ọ. Nígbà tó di mẹ́fà, mo pa rédíò. Ó ṣe díẹ̀, mo tún tan án, torí mo rántí pé ọmọ mi ń wò ó nílé, kò sì yẹ kí n fi òun nìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni egungun ẹsẹ̀ Erik Johnson, òpómúléró ẹ̀yìn wọn, ṣẹ́. Ní oṣù Kìíní, Semyon Varlamov tó ń ṣọ́lé lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé wọ́n máa ta Matt Duchene, wọn ò tà á, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ní tà á. Èmi gbà pé ìyẹn bà wọ́n jẹ́ ju ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lọ: ẹni tí kò mọ ilé tí yóò sùn lọ́la, báwo ló ṣe fẹ́ fọkàn gbálé tòní? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, góòlù 166 ni wọ́n gbá wọlé, 278 ló wọlé wọn. Ìṣẹ́gun 22 nínú 82, ojúàmì 48. Láti 2005 tí NHL ti fi gbèdéke sí owó tí ikọ̀ lè ná lórí eléré, kò tíì sí ikọ̀ tó kó ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ jọ títí di ọjọ́ náà.

Iginla ńkọ́? Ó ti pé ọmọ ọdún 39. Nínú eré 61, góòlù mẹ́jọ péré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo, a rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti pàdánù, kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti wálẹ̀ gan-an nígbà tó di oṣù Kejì, mo bá mú ọmọ mi lọ. Òkè pátápátá la jókòó sí, àga ṣófo lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí wọ́n ń nara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi gíláàsì, nọ́ńbà 12 sì ń yí kọjá níwájú wa. Ọmọ mi pariwo, "Bọ̀dá Kúnlé! Bọ̀dá Kúnlé!" Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń pe ẹni tó bá jù wá lọ nílé ló ṣe pè é. Ariwo orin pọ̀, kò lè gbọ́. Wọ́n pàdánù lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì jókòó títí tí wọ́n fi pa iná òkè.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Los Angeles Kings. Ilé ìwé lọmọ mi ti gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Calgary

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò wa. Ọdún mẹ́wàá ni Iginla fi ṣe balógun Calgary Flames, ikọ̀ wa níbí, láti 2003 títí wọ́n fi gbé e lọ sí Pittsburgh ní 2013. Èmi dé Calgary ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004, nínú òtútù tí mo rò pé yóò pa mí. Oṣù Kẹfà ọdún náà, Flames dé àṣekágbá ife Stanley, ife tí gbogbo ikọ̀ NHL ń lé. Gbogbo òpópónà 17th Avenue pupa fòò, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń dì mọ́ mi. Nínú eré kẹfà, puck kan lu ẹsẹ̀ Martin Gelinas, gbogbo wa níbí ló gbà pé ó kọjá ìlà. Wọn ò kà á. Tampa Bay Lightning ló gba ife níbi eré keje, 2 sí 1.

Kò tún dé àṣekágbá mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti dé Denver, àdúrà mi ni pé kí wọ́n gba ife fún un níbẹ̀. Ẹ wá sọ pé eré 82, ìṣẹ́gun 22. Los Angeles tí wọ́n gbé e lọ pàápàá ò wọ ìdíje ìkẹyìn tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹta 2019 tí wọ́n gbé nọ́ńbà 12 kọ́ sókè láti fi yẹ́ ẹ sí nínú Saddledome, gbọ̀ngàn eré Flames, mo wà níbẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Aráalé, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń bèèrè ni. Nígbà tí Iginla ti lọ, kí ló dá yín dúró? Kí ló dé tẹ́ ò bá a lọ sí Los Angeles?

Awakọ̀ Aurora

Àbúrò, èmi náà fẹ́ lọ. Ọmọ mi ló kọ̀. Ó ní, "Dádì, àwọn tó kù ńkọ́?" Ó ti mọ gbogbo wọn lórúkọ. MacKinnon, ọmọ ọdún 21, tó ṣáájú wọn lọ́dún náà. Landeskog tó jẹ́ balógun ikọ̀. Rantanen. A bá dúró.

Ìrètí kan ló kù fún wa. Nínú NHL, ikọ̀ tó bá ṣe ẹ̀yìn pátápátá ni àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù láti kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́mọdé eléré tuntun, ṣùgbọ́n ìbò ni wọ́n ń fà. Ní òpin oṣù Kẹrin wọ́n fa ìbò. Ipò kẹrin la bọ́ sí. Ọmọ mi wọ yàrá lọ, kò jẹun alẹ́.

Ìyá Ìbejì, Edmonton

Ẹ gbà mí láyè kí n dá sí i. Ipò kìíní kọ́ ni oògùn. Oilers, ikọ̀ tiwa níbí, mú ẹni àkọ́kọ́ ní 2010, ní 2011, ní 2012, àti ní 2015 tí wọ́n mú McDavid. Síbẹ̀, láti 2006 tí wọ́n ti pàdánù àṣekágbá, ó di 2017 kí wọ́n tó tún wọ ìdíje ìkẹyìn. Inú àkókò yẹn làwọn ìbejì mi bẹ̀rẹ̀ họ́kì. Agogo márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jí wọn, ìta á ti tutù dé 30 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́ wọn. Táíwò bi mí lọ́jọ́ kan bóyá eré àwọn mìíràn làwọn ń gbá.

Mo sọ ìtàn Iginla fún un. St. Albert tó wà létí wa níbí ló dàgbà sí, asọ́lé ló sì kọ́kọ́ ń ṣe, torí Grant Fuhr, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́lé fún Oilers, ló ń wò. Táíwò wá bèèrè pé ta ni Fuhr ń wò nígbà tiẹ̀? Mi ò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

Tij, ọmọ Iginla, ni ikọ̀ Utah mú ṣìkẹfà ní 2024. Àwọn ìbejì ló pè mí wá wò ó.

Awakọ̀ Aurora

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n mú ní ipò kẹrin yẹn ni Cale Makar.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Avalanche fi 2 sí 1 na Tampa Bay nínú eré kẹfà, wọ́n sì gba ife Stanley. Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tampa Bay yẹn náà ni. Makar ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù. Bednar ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí Landeskog gba ife náà, ẹni tó kọ́kọ́ gbé e fún ni Erik Johnson, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lọ́jọ́sí. Èmi àti ọmọ mi ò pariwo. A kàn wo ara wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ife yí ìlú ká, gbogbo ènìyàn wọ MacKinnon àti Makar. Ọmọ mi, tó ti ga jù mí lọ, wọ IGINLA 12. Obìnrin òyìnbó kan tó dúró tì wá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn gan-an. Ó pè é fún un. Obìnrin náà ní kó tún un pè, ó sì tún un pè.